Àáró Àwọn Dókítà Jẹjẹrẹ: Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Gbé Ọ̀dọ́ Oníṣègùn Ró

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru wá síbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin apòògùn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ẹran ara wò nínú yàrá àyẹ̀wò, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ẹgbẹ́ àti àjọṣe láàárín àwa oníṣẹ́ kan náà ṣe lè ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́. N óò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan tó wọlé sórí fóònù mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ jẹ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe, ní ilé ìwòsàn kan tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán tí a fi ń wo jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé kọ́ńsọ́tántì kan ṣoṣo, ìyẹn dókítà àgbà, ló wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ wa yìí, onítọ̀hún sì ti rin ìrìnàjò. Aláìsàn rẹ̀ jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Obìnrin náà ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ìtànṣán, ó sì ń gba cisplatin, oògùn kẹ́mò tó ń pa jẹjẹrẹ, pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ náà ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé: creatinine, ìwọ̀n ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, tó jẹ́ 80 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti di 168. Ọ̀dọ́ dókítà yìí mọ̀ pé ewu ti ń wu kíndìnrín aláìsàn òun. Ohun tí kò dá a lójú ni bóyá oògùn nìkan ni kí òun dá dúró, tàbí kí òun dá ìtànṣán dúró pẹ̀lú rẹ̀ títí ọ̀gá òun yóò fi dé lọ́jọ́ Ajé.

Mo pè é. Mo ní kó fo oògùn ti ọ̀sẹ̀ yẹn, kó jẹ́ kí obìnrin náà wá gba omi sára ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì ya àwòrán kíndìnrín méjèèjì, kí a lè mọ̀ bóyá kókó jẹjẹrẹ náà ti dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ́ sínú àpò rẹ̀. Mo ní kó má ṣe dá ìtànṣán dúró, nítorí pé nínú irú jẹjẹrẹ yìí, bí ìtọ́jú bá fà kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìrètí ìwòsàn a máa dín kù. Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ohun tí aláìsàn náà ń lò sí ìrora. Ó pe obìnrin náà, ó béèrè, ó sì pè mí padà: diclofenac ni, tó ń fi owó ara rẹ̀ rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó wọ̀ sí. Oògùn yẹn pẹ̀lú cisplatin, méjèèjì ló ń fìyà jẹ kíndìnrín. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ.

Ohun tó gba oorun lójú mi lálẹ́ ọjọ́ náà yàtọ̀ sí ti creatinine. Ọ̀dọ́ náà jẹ́wọ́ fún mi pé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lòun ti kọ ìbéèrè náà tán lórí fóònù òun. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú kó tó fi í ránṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà tó fi ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, tó ń yọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà" kúrò, tó sì ń dá a padà, nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kí n má lọ sọ pé ohun tó yẹ kó ti mọ̀ ló ń béèrè.

Àwọn àgbà wa sọ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó lè ṣẹ, ẹnìkan ní láti wà ní oríta tí a lè bi, ẹni náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹni tó ń béèrè ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo gbàgbọ́, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí ní láti ṣe fún ọ̀dọ́ oníṣègùn jẹjẹrẹ ni láti sọ wákàtí mẹ́fà yẹn di ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ẹgbẹ́ kò bá tíì ṣe èyí, ìwé ẹ̀rí tó ń fún ọmọ ẹgbẹ́ kò tíì wúlò fún aláìsàn kankan.

Kí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa tó wà láàárín wa lè mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Ìṣirò àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2022, ènìyàn tó lé ní 127,000 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àti pé ó pa ènìyàn tó lé ní 79,000 lọ́dún kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni dókítà tó ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń fún aláìsàn ní kẹ́mò. Lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan náà ló ń ṣe méjèèjì, òun náà ló sì tún máa ń bá ẹbí jókòó ṣírò owó, nítorí pé àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sanwó ìtọ́jú. Láàárín gbogbo èyí ni rẹ́sídẹ́ǹtì yóò máa kàwé fún ìdánwò kọ́lẹ́jì àwọn oníṣègùn ní ìpele-ìpele, tí yóò sì kọ ìwé ìwádìí kí ó tó lè di kọ́ńsọ́tántì. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń kó ẹrù lọ sí Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá lọ nínú àwọn mẹ́rin tó ń pín iṣẹ́ òru, àwọn mẹ́ta tó kù ni yóò pín òru tirẹ̀ náà. Èmi kò ní bá ẹni tó lọ jà. Ẹni tó ṣì wà níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ mi wà fún.

Ẹrù yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nínú ESMO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ilẹ̀ Yúróòpù, tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn dókítà jẹjẹrẹ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogójì ọdún lọ. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló fi àmì hàn pé iṣẹ́ ti mú ẹ̀mí wọn rẹ̀. Yúróòpù nìyẹn o, níbi tí iná kì í ti í kú mọ́ ẹ̀rọ ìtànṣán lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn náà, ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ohun èlò nìkan kọ́ ló ń rẹ ọ̀dọ́ lára. Ikú tó ń rí lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, ìpinnu tó ń dá nìkan ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ńsì, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n rán mi pé kí n lọ sọ fún ìyá kan pé kò sí ohun tí a tún lè ṣe fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi lọ. Mo sọ ọ́ ní kọ́ríídọ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú fáìlì ọmọ náà lọ́wọ́ mi, bí àwọn ènìyàn ti ń gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn kọjá láàárín wa. Ìyá náà kò sunkún. Ó ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́," ó sì na owó ọkọ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi, bóyá nítorí pé ó rò pé nǹkan kan ṣì wà tí mo lè ṣe bí òun bá tọrọ rẹ̀ dáadáa. N kò gba owó náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí n óò sọ, mo sì yíjú padà. Àṣìṣe tèmi ni, n kò sì gbà á lọ́rùn ara mi títí di òní. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé bí mo bá ní ẹgbẹ́ kan nígbà náà tí mo lè sọ fún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé báyìí ni mo ṣe, wọn ì bá ti kọ́ mi kí n tó tún un ṣe fún ẹlòmíràn. Mo tún un ṣe fún ẹlòmíràn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Irú ẹgbẹ́ wo wá ni mo ń sọ? Ẹni tí wọ́n bá tọ́ ní abúlé láàárín wa mọ̀ pé ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn bàbá wa ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn yóò bẹ àwọn ènìyàn, wọn yóò tú jáde lọ́jọ́ kan, wọn yóò ṣe iṣẹ́ náà, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, ó parí. Èkejì ni àáró: àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yóò para pọ̀, wọn yóò ro oko tèmi lónìí, wọn yóò ro oko tìrẹ lọ́tùn-únla, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Ìpàdé ọdọọdún tí à ń ṣe, ọ̀wẹ̀ ni. Ó dára, ó sì ń mú orí ẹni wú. Ṣùgbọ́n koríko kì í dúró de ọjọ́ ọ̀wẹ̀. Àáró ni ọ̀dọ́ dókítà jẹjẹrẹ nílò.

Ẹ má rò pé àáró kò lè di ńlá. Ní ọdún 1964, dókítà méje ló pàdé nídìí oúnjẹ ọ̀sán ní ìlú Chicago, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ASCO sílẹ̀ fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú àwọn méje náà, aláwọ̀ dúdú ni, Jane Cooke Wright lorúkọ rẹ̀. Lónìí, ọmọ ẹgbẹ́ náà ti tó nǹkan bí 50,000 káàkiri àgbáyé. Bákan náà ni ẹgbẹ́ ńlá tún lè sùn lọ. AORTIC, ẹgbẹ́ tó wà fún ìwádìí àti ẹ̀kọ́ nípa jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ní ọdún 2000 ni àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn tún jí i dìde, tó fi di pé ó ń pe gbogbo wa jọ ní ọdún méjì-méjì, ní Kigali ní 2017, ní Maputo ní 2019, ní Dakar ní 2023. Mo máa ń ronú lórí ọdún tó fi dákẹ́ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ wa ní àkókò náà kò dákẹ́ ní tiwọn, aláìsàn ṣì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá.

Àpẹẹrẹ tó jọ àáró jù lọ lójú mi kò ti inú iṣẹ́ jẹjẹrẹ wá rárá. Ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, dókítà ẹ̀dọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Sanjeev Arora. Àwọn aláìsàn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ní ọdún 2003, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Project ECHO. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn dókítà ìgbèríko yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, oníkálukú yóò gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ kalẹ̀ láìdárúkọ onítọ̀hún, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jọ gbà á yẹ̀ wò. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ èsì ìtọ́jú aláìsàn 407 jáde: nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tí àwọn dókítà ìgbèríko tọ́jú, bí 58 ni àrùn náà kúrò lára wọn, ní yunifásítì fúnra rẹ̀, bí 57 ni. Ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ wo èyí. Kò sẹ́ni tó gbé aláìsàn kúrò ní ìlú rẹ̀. Ìmọ̀ ló rìn lọ bá dókítà, nítorí pé ọjọ́ ìpàdé kò yẹ̀, àti nítorí pé aláìsàn gidi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé níhìn-ín náà, a kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ aláìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Ìbàdàn. Ní ọdún 2013, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York dá ARGO sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tó so àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa pọ̀. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá wà lára ohun tí wọ́n gbájú mọ́, àrùn tí a máa ń ṣì pè ní jẹ̀díjẹ̀dí títí yóò fi pẹ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ lè wà nídìí ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀: òun ló mọ aláìsàn, òun ló gba ẹ̀jẹ̀, òun ló ń tẹ̀ lé e délé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun náà la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ bí orúkọ ọ̀dọ́ náà kò bá sí lára àwọn tó kọ ìwé nígbà tí ìwé bá jáde, a ti jẹ àáró rẹ̀, a kò san án. Mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ní ti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, mo bẹ̀ wọ́n ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ di gbajúmọ̀ ní Yunifásítì Chicago, kò jẹ́ kí okùn tó so òun mọ́ Ìbàdàn já nínú ìwádìí rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè ṣe bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Leeds tàbí ní Houston lè yọ wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti bá ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ka àwòrán, tàbí láti gbọ́ ọ bó ti ń múra ìdánwò. Láti ọdún 2002 ni ASCO ti ní ẹ̀bùn kan tó ń mú ọ̀dọ́ dókítà láti àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ sí ìpàdé ọdọọdún rẹ̀, tó sì ń yan àgbà kan tì í láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé físà lè má jáde, ṣùgbọ́n wákàtí kan lórí fóònù kò béèrè físà.

Àwọn ohun díẹ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Bí a bá ń gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn sórí WhatsApp, orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ràn tí a bá gbà lórí fóònù, kí a kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú déètì àti orúkọ ẹni tó fún wa, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́bàá ibùsùn ni yóò ṣe ìpinnu, òun náà ni yóò sì jíhìn. Kí a má fi ìpàdé sí aago mẹ́jọ alẹ́ nìkan, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá ọmọ láàárín yín ń fi ọmọ sùn, tí a ó sì máa sọ lẹ́yìn pé àwọn obìnrin kì í wá. Kí ẹgbẹ́ máa san owó dátà fún rẹ́sídẹ́ǹtì tó bá gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kalẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ni mo fi èyí tó le jù sílẹ̀ fún. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà wa ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí nílò: aláìsàn tí a pàdánù, egbò tí ìtànṣán dá sílẹ̀ nítorí pé a ṣi ìṣirò, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní kọ́ríídọ̀. Bí a bá ń tú aṣọ àríyá wa nìkan sílẹ̀ níwájú wọn ní gbogbo ìpàdé, wọn yóò rò pé àwọn nìkan ló ń ṣàṣìṣe, wọn yóò sì máa pa ìbéèrè rẹ́ lórí fóònù wọn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́.

Ọ̀dọ́ tó kọ̀wé sí mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Òun ló fọwọ́ sí i pé kí n sọ ìtàn náà, obìnrin tó tọ́jú náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin náà kò dí. Wọ́n gba diclofenac kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, creatinine rẹ̀ wálẹ̀, ó sì parí ìtànṣán rẹ̀ ní ọjọ́ kejìléláàádọ́ta.

Pépà kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Alẹ́ méje tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ni mo kọ sí i, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan ni yóò máa gbé fóònù ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́fà títí di aago mọ́kànlá. Èmi ti mú Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo wọlé, ẹnìkan ti fọwọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àìkú kò tíì ní orúkọ kankan.